₦350,000 fún ìwé tí kò sí: àgbéyẹ̀wò ọ́fíìsì tó bá mi ṣe fíìsà ìyàwó ní Ìlọrin

₦350,000 ni mo san fún ìwé tí kò sí láyé yìí. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, ọ̀gá ọ́fíìsì náà ṣì wọ jalábíà funfun rẹ̀. Ó ṣí pásípọ́ọ̀tù mi síbi tí wọ́n lẹ fíìsà mọ́, ó fi ìka gba orí déètì méjèèjì tó wà níbẹ̀ kọjá, ó ní, “Ìyàwó, ṣé ẹ rí i? Àádọ́rùn-ún ọjọ́ péré ni wọ́n fún yín. Ìwé tí ẹ máa fi wọ̀lú nìyí. Ìwé iṣẹ́ yàtọ̀.” Ó ní àwọn máa bá mi ṣe ìwé iṣẹ́ náà láti Ìlọrin, pé ó máa tó ọ̀sẹ̀ méjìlá kó tó jáde, àti pé bí wọ́n bá ká mi mọ́ ibi iṣẹ́ kó tó jáde, ńṣe ni wọ́n á dá mi padà sílé. Mo ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ méjì tí mo fi ń jẹun ní Tankẹ nítorí ìrìn àjò yìí. Owó wọn náà ni mo fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Mi ò ní dárúkọ ọ́fíìsì náà, torí ọ̀rọ̀ owó tó wà láàárín wa kò tíì parí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí gbogbo obìnrin tí ọkọ rẹ̀ wà ní Ìlú Ọba, tó ń palẹ̀ mọ́ láti lọ bá a, ka èyí tán kó tó fún ẹnikẹ́ni lówó.

Ohun tó jẹ́ kí n gba ọ̀gá yẹn gbọ́ ni pé iṣẹ́ fíìsà tó gbé mi débẹ̀ gan-an, wọ́n ṣe é bó ti yẹ. Kì í ṣe òun ló ṣe é o. Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tó máa ń jókòó sídìí tábìlì tó sún mọ́ fèrèsé, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ. Ọjọ́ kejì tí mo kó ìwé mi wá, ó tẹ́ mẹ́rin sílẹ̀ níwájú mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó mú báírò pupa, ó yí orúkọ mi ká lórí fótókọ́pì kọ̀ọ̀kan. Pásípọ́ọ̀tù kọ Ruqayyah. NIN kọ Rukayat. Ìwé ẹ̀rí Fásitì Ìlọrin kọ Rukayyat. Ìwé tí Àáfà kọ lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì wa kọ Rukaya. Ó wò mí lójú, ó ní, “Àǹtí mi, ẹni mẹ́rin ni yín lójú àwọn tó máa ka ìwé yìí.”

Gbogbo àwa tí wọ́n sọ lórúkọ kéwú ní Ìlọrin la mọ̀ ọ́n. Bí akọ̀wé bá ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá ẹni ló ṣe máa kọ ọ́, ẹni tó bá tún gbà á kọ á kọ tirẹ̀. Mi ò kà á sí nǹkan kan rí. Ọmọbìnrin yìí ló kọ bí àfídáfíìtì náà ṣe máa rí, ó ní kí n lọ búra ní Kọ́ọ̀tù Gíga, kí n rí i pé orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà nínú rẹ̀, kí n má jẹ́ kí akọ̀wé kọ́ọ̀tù dín ọ̀kan kù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí: méjì ni akọ̀wé kọ́kọ́ kọ. Mo ní kó tún un tẹ̀.

Ẹ̀rí pé tọkọtaya ni wá lóòótọ́, òun náà ló bá mi tò ó. Ọdún 2019 ni wọ́n so yìgì wa, ọdún 2021 tí ọkọ mi wálé la lọ ṣe ti régístírì, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré la sì ti fojú kan ara wa látìgbà tí wọ́n ti so yìgì. Gbogbo ohun tó kù, inú fóònù ló wà. Ó ní kí n mú ọ̀rọ̀ WhatsApp ọjọ́ kan wá láti inú oṣù kọ̀ọ̀kan. Ilé ni mo ti ṣà á, gbogbo ibi tí a ti jà ni mo sì fò. Nígbà tó kà á, ó ní, “Àǹtí mi, ṣé ẹ ò jà rí ni?” Ó ní kí n lọ mú ìjà ọdún 2022 wá, èyí tí a jà lórí owó ilé, kí n sì mú ọjọ́ tí a parí rẹ̀ tẹ̀lé e. Ojú tì mí láti fi han àjèjì. Mo fi han án. Ó kà á láìrẹ́rìn-ín, ó nọ́ńbà wọn, ó fi sáàárín ìwé ìfowóránṣẹ́ ọkọ mi àti fọ́tò ọjọ́ yìgì níbi tí ìyá mi ti ń nu ojú mi pẹ̀lú etí gèlè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iye owó, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Bọ́ọ̀sì lọkọ mi ń wà ní Leeds, ó sì ti gba ìwé àìlópin níbẹ̀, èyí tó fi lè máa gbé ibẹ̀ títí lọ. Owó tí ọkọ gbọ́dọ̀ máa gbà lọ́dún kó tó lè mú ìyàwó wá jẹ́ £29,000 láti ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2024. £18,600 ni tẹ́lẹ̀. Tirẹ̀ kọjá £29,000 díẹ̀. Owó fọ́ọ̀mù nígbà tèmi jẹ́ £1,846. Owó ìlera jẹ́ £1,035 fún ọdún kan, ọdún mẹ́ta ni wọ́n sì gbà bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù 33 ni fíìsà náà, ó jẹ́ £3,105. Mo lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife ní Èkó, oṣù mẹ́fà ni ìwé rẹ̀ ń lò, ẹ má tètè ṣe é jù. Ìwé ẹ̀rí fásitì mi la fi ṣe ẹ̀rí pé mo gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dọ̀ Ecctis, àwọn tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè wò ní Ìlú Ọba. Gbogbo èyí lọ geere, fíìsà sì jáde ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá. Mo sunkún lójú títì lọ́jọ́ náà, ọlọ́kadà tó gbé mi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí, ó rò pé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ mí ni.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀gá wá sọ̀rọ̀ ìwé iṣẹ́.

Mo dé Leeds lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, ọdún 2025. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan wà ní ìkọ́rọ̀ àdúgbò wa tí wọ́n ti ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò, tí wọ́n ń pààrọ̀ síìpù, wọ́n sì lẹ bébà mọ́ gíláàsì rẹ̀ pé àwọn ń wá aránṣọ. Obìnrin ará Pakistan ló ni ín. Mo wọlé, mo sálámà sí i, ó ní kí n jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó gbé ṣòkòtò dúdú kan fún mi pé kí n ká etí rẹ̀. Mo ká a. Ó yí i sódì, ó fi àtàǹpàkò fa ojú òwú náà wò, kò tú. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Mo ní kó ṣe sùúrù fún mi, ìwé iṣẹ́ mi ń bọ̀ láti Nàìjíríà.

Obìnrin yẹn dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mejì ló béèrè lọ́wọ́ mi nígbà tí mo ń kọjá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo rí i pé wọ́n ti ṣí bébà kúrò lára gíláàsì, obìnrin mìíràn jókòó sídìí ẹ̀rọ tí mo jókòó sí. Gbogbo àsìkò yẹn, ọkọ mi ń ṣe àfikún iṣẹ́ ní Sátidé àti Sọ́ńdè, ẹsẹ̀ rẹ̀ a wú bó bá délé. Mo ń fi omi gbígbóná jó o fún un, mo sì ní ọwọ́ méjì tó ń ṣiṣẹ́. Tí mo bá pe ọ̀gá ní Ìlọrin, á ní, “Ó ti wà lórí tábìlì wọn, Ìyàwó. Ẹ máa ṣe àdúà.” Ó wá ní kí n fi ₦80,000 kún un kí wọ́n lè tètè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó ti ìyẹn yọ mí ni Ọlọ́run, àti pé mi ò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́.

Òru ọjọ́ kan ní ìparí oṣù karùn-ún, fóònù mi dún. Ohùn ni wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ohùn ọmọbìnrin etí fèrèsé ni, ó ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nínú yàrá tí àwọn mìíràn ń sùn sí. Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ má bínú pé mo dà yín láàmú lóru. Òní ni mo rí orúkọ yín nínú ìwé àwọn tó san owó ìwé iṣẹ́. Kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó. Ẹ wọ inú àkáǹtì UKVI tí mo ṣí fún yín, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀tọ́ àtiṣiṣẹ́ hàn.”

UKVI ni ọ́fíìsì ìjọba tó ń fúnni ní fíìsà Ìlú Ọba. Mo jí ọkọ mi. A jọ jókòó sórí ibùsùn, a wọlé síbẹ̀. Ó béèrè ohun tí mo fẹ́ fi hàn, mo tẹ iṣẹ́, ó sì gbé kóòdù kan jáde, lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́sàn-án lápapọ̀, W ló bẹ̀rẹ̀. Share code ni wọ́n ń pè é. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ló ń lò, bó bá sì tán a ó tún gba òmíràn. Kọ́bọ̀ kan, wọn ò gbà. Lójú fóònù yẹn ni mo ti kà á pé mo lè ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ìlú ni mo ti lè ṣiṣẹ́.

Ọmọbìnrin náà tún fi ohùn mìíràn ránṣẹ́, ó là á yé mi, ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹ̀yin náà. Ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ ni ẹni tó bá gba fíìsà àfẹ́sọ́nà, ìyẹn oṣù mẹ́fà tí wọ́n ń fún ẹni tó fẹ́ wá ṣègbéyàwó níbẹ̀. Onítọ̀hún gbọ́dọ̀ ṣe ìgbéyàwó, kó sì gba ìwé ìyàwó kó tó fọwọ́ kan iṣẹ́. Ẹni tó bá ti gba ti ìyàwó láti ilé, iṣẹ́ ti wà nínú rẹ̀. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ tí wọ́n lẹ mọ́ pásípọ́ọ̀tù mi, àkókò tí mo lè fi wọ̀lú nìkan ni. Oṣù 33 gan-an wà nínú eVisa, ìyẹn fíìsà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, torí láti ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2024 wọn kò ṣe káàdì ìgbélùú mọ́. Nọ́ńbà National Insurance tún wà, èyí tí wọ́n fi ń ṣe àkọsílẹ̀ owó orí òṣìṣẹ́, òun náà kò gba owó, èèyàn sì lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kó tó jáde bó bá ti ní share code. Ọdún kejìlá rèé tí ọ̀gá yẹn ti ń ṣe iṣẹ́ fíìsà, ó wà lára páálí tó gbé kọ́ ara ògiri. Ẹ má sọ fún mi pé kò mọ̀.

Mo pe Bàbá mi ní Ìlọrin, mo ṣàlàyé fún wọn, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má dárúkọ ọmọbìnrin náà. Àáfà ni Bàbá mi, wọ́n ń kọ́ ọmọ ní kéwú, mi ò gbọ́ kí wọ́n pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ọ̀sẹ̀ tó ṣíwájú Iléyá ni wọ́n lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Ayílá ni wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń ja tẹ̀sùbáà. Àwọn ará ọ́fíìsì bi wọ́n ní ohun tí wọ́n bá wá, Bàbá mi ní Alájì, ìyẹn ọ̀gá náà, làwọn fẹ́ rí. Alájì ní òun ń bọ̀, kò jáde. Nígbà tí wọ́n pe Àsárì, ó di dandan kó jáde, torí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú bẹ́ǹṣì yẹn gan-an ni wọ́n ti ń kírun. Ó rí Bàbá mi, ó wo irùngbọ̀n wọn àti láwàní wọn, ó ní kí wọ́n ṣe lémọ́ọ̀mù. Bàbá mi síwájú, wọ́n kírun fún gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n sálámà tán, tí wọ́n yíjú sí ìjọ, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu wọn ni, “Alájì, owó ọmọ mi.”

Níwájú àwọn oníbàárà mẹ́fà ni. ₦200,000 wọ àkáǹtì Bàbá mi kí wọ́n tó wọ bàtà. Ó ní ₦150,000 tó kù di lẹ́yìn Iléyá. Iléyá ti lọ.

Ọmọbìnrin náà ti fi ibẹ̀ sílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mi ò bá má sọ ohun tó ṣe fún mi síta. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń rán kọ́tìnnì, òun ni mo kọ́kọ́ fi fọ́tò ẹ̀rọ mi ránṣẹ́ sí. Ó ní, “Àǹtí mi, orúkọ wo ni wọ́n kọ sí káàdì ibi iṣẹ́ yín?” Ruqayyah ni, bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ọ́fíìsì náà. Ọkọ mi ní ó ti pọ̀ jù, ó ní ọ̀kan ló tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n fáìlì tó gbé mi dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, inú ọ́fíìsì yẹn ni wọ́n ti tò ó, ojú ewé 214, kò sì sí ìbéèrè kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ padà lórí rẹ̀. Tí ₦150,000 bá dé, màá sọ fún yín.