Bọ́ọ̀lù tó ń dún tí mo fi ń kọ́ ọmọ nípa ìgbì ohùn

Sáà ẹ̀kọ́ méjì rèé tí mo ti ń lo bọ́ọ̀lù yìí ní kíláàsì. Fóòmù ni wọ́n fi ṣe é, ó tó ìkúùkù méjì, ẹ̀rọ kékeré kan tó ń dún "píììì" láìdánudúró sì wà nínú rẹ̀. Bátìrì fólítì 9 ló ń lò. Okùn mítà 1 ló wà lára rẹ̀.

Kí n tó rà á, ojú pátákó nìkan ni mo ti ń ṣàlàyé ohun tí Christian Doppler, ará Austria, sọ ní 1842, pé ohùn tí à ń gbọ́ máa ń yàtọ̀ bí ohun tó ń dún bá ń bọ̀ tàbí tó ń lọ. Àwọn ọmọ á da ìṣirò náà kọ, ṣùgbọ́n ojú wọn máa ń fi hàn pé kò wọlé. Lọ́jọ́ tí mo mú bọ́ọ̀lù wá, mi ò sọ nǹkan kan, mo kàn ń fì í yípo lókè orí mi. Ọmọbìnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Tíṣà, ó ń kọrin!"

Òótọ́ ló sọ. Bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ìgbì ìró á fún mọ́ra, ohùn á lọ sókè, ìyẹn ni pé á túbọ̀ tín-ín-rín. Bó bá ń lọ, ìgbì á jìnnà síra, ohùn á wálẹ̀. 3000 Hertz ni tèmi ń dún, ìyẹn ni pé ìró rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà 3000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí mo bá fì í yípo lẹ́ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, eré rẹ̀ á tó mítà 12.6 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Pẹ̀lú ìró tó ń sáré mítà 343 ní ìṣẹ́jú-àáyá, etí ọmọ náà á gbọ́ nǹkan bíi 3114 Hertz tó bá ń bọ̀, 2894 tó bá ń lọ.

Èmi tí mò ń fì í ńkọ́? Ohùn kan ṣoṣo ni mò ń gbọ́! Okùn ò gùn sí i, kò kúrú sí i, bọ́ọ̀lù ò sún mọ́ mi, kò sì jìnnà sí mi. Wọn ò gbà mí gbọ́, mo bá ní kí wọ́n wá fì í lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí ìyẹn nìkan, owó tí mo ná ò dùn mí.

Ìwé ìlò tó bá a wá ló bí mi nínú. Wọ́n kọ ọ́ pé ohùn á máa ga sí i bí ohun tó ń dún bá ṣe ń sún mọ́ni. Irọ́ ni. Bí eré rẹ̀ ò bá yí padà, tó ń bọ̀ tààrà, ohùn náà ti ga láti òkèèrè, ibì kan náà ló sì máa dúró sí. Ariwo rẹ̀ ló ń pọ̀ sí i. Ìgbà tó bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni ni ohùn á já wálẹ̀. Mo ti fi bírò pa gbólóhùn yẹn rẹ́.

Ọmọrí ilé bátìrì kò lágbára, rọ́bà ni mo fi dè é. Bí bátìrì bá sì ti ń rọ, ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn sì lè ṣi ọmọ lọ́nà, nítorí náà mo máa ń pààrọ̀ rẹ̀ kó tó rọ.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ìta gbangba ni kí ẹ ti lò ó, torí ìró tó ń ta padà lára ògiri máa ń da etí rú, kí ẹ sì ta okùn náà ní kókó méjì kí ẹ tó fì í.