An American Tragedy: ẹ ka iye orí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó

Irun méjì ló bí mi nínú tó bẹ́ẹ̀. Nínú An American Tragedy, ìwé ìtàn àròsọ tí Theodore Dreiser kọ nípa Clyde Griffiths, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó pa Roberta Alden tó lóyún fún un, lẹ́yìn tí wọ́n yọ kámẹ́rà Clyde jáde nínú adágún tí Roberta kú sí, Burton Burleigh tó ń bá agbẹjọ́rò ìjọba ṣiṣẹ́ mú fọ́nrán irun méjì láti orí òkú Roberta, ó sì há wọn sáàárín ìlẹ̀kùn kámẹ́rà náà àti awò rẹ̀. Ẹ̀rí ayédèrú ni. Ẹ̀dà tí wọ́n kọ́kọ́ tà fún mi kò ní ibẹ̀ yẹn rárá! Ẹni tó bá kà á yóò dé kóòtù, wọn yóò fi irun hàn án nínú kámẹ́rà, yóò sì gbà á gbọ́ bí àwọn júrì ṣe gbà á gbọ́.

Èèpo ìwé náà kò sọ pé wọ́n gé e kúrú. 1925 ló jáde, ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lórí rẹ̀ sì parí ní Amẹ́ríkà ní oṣù kìíní ọdún 2021, nítorí náà ẹnikẹ́ni ló lè tẹ̀ ẹ́ tà níbẹ̀. Abala mẹ́ta ni èyí tó pé ní: orí 19 nínú àkọ́kọ́, 47 nínú ìkejì, 34 nínú ìkẹta, kí apá kékeré tó ń jẹ́ “Souvenir” tó kádìí rẹ̀. Orí 47 abala kejì ni ọkọ̀ ojú omi Clyde àti Roberta ti dojú dé. Tí abala yẹn bá parí ṣáájú 47, ẹ má rà á.

Mo fẹjọ́ sun ilé ìtajà tí mo ti rà á. Òṣìṣẹ́ tó kọ́kọ́ dá mi lóhùn ní ìwé kan náà ni, pé èèpo ló yàtọ̀. Mo fi iye orí ránṣẹ́, ó tún da gbólóhùn kan náà padà, ó sì ti ẹjọ́ náà pa láìbi mí. Mo ṣí i padà. Obìnrin kan ló wá gbà á, òun sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó béèrè fún àwòrán ojú ewé atọ́ka àti ẹ̀yìn ojú ewé àkọlé, ó fi ISBN rẹ̀ (nọ́mbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀) wé ti ẹ̀dà mìíràn tó wà nílẹ̀, ó ṣí ìyẹn fúnra rẹ̀, ó ka orí rẹ̀ látòkèdélẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́. Ó tún lọ kọ ọ́ sára àlàyé ọjà àkọ́kọ́ pé ẹ̀dà tí wọ́n gé kúrú ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi.

Ìwé ọ̀hún wá ńkọ́? Ó wúwo, gbólóhùn Dreiser a máa gùn ju bó ṣe yẹ lọ, abala kìíní sì ń fà. Síbẹ̀, ẹ má fo ìjàǹbá mọ́tò Kansas City: wọ́n pa ọmọdébìnrin kan, Clyde sá lọ. Ohun tí yóò ṣe lórí omi nìyẹn.

Chester Gillette ni Dreiser wò kọ ọ́. Ọkùnrin yìí ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ síkẹ́ẹ̀tì arákùnrin bàbá rẹ̀ ní Cortland, ní ìpínlẹ̀ New York. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 1906, ó gbé Grace Brown, tó lóyún fún un, lọ sórí Big Moose Lake. Òun nìkan ló padà. Agbẹjọ́rò ìjọba ní rákẹ́ẹ̀tì tẹníìsì ló fi lù ú. Wọ́n pa Gillette lórí àga oníná ní Auburn ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 1908. Dreiser sọ síkẹ́ẹ̀tì di kọ́là ọrùn ẹ̀wù, ó sì sọ rákẹ́ẹ̀tì di kámẹ́rà. Ọgbọ́n ńlá ni ti kámẹ́rà yìí. Ta ló ń gbé rákẹ́ẹ̀tì wọ ọkọ̀ ojú omi? Ṣùgbọ́n kámẹ́rà kì í ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu níbẹ̀. Clyde fi gbá Roberta lójú láìmọ̀ọ́mọ̀, ó dìde sí i, ọkọ̀ dojú dé, obìnrin náà ń pè é, ó sì lúwẹ̀ẹ́ lọ. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ bóyá ó pànìyàn. Àwọn lẹ́tà Roberta náà, ẹ fara balẹ̀ kà wọ́n: lára lẹ́tà Grace tí wọ́n kà ní kóòtù ni Dreiser ti mú wọn.

Paramount ṣe fíìmù rẹ̀ ní 1931, Josef von Sternberg ló darí rẹ̀. Dreiser pè wọ́n lẹ́jọ́, kò sì borí. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ni A Place in the Sun ti George Stevens, 1951, tó gba Oscar mẹ́fà. Shelley Winters, tó ṣe obìnrin tó dúró fún Roberta, nínú ọkọ̀ yẹn tó ẹni tí à ń wò láìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà kò gbá ẹnikẹ́ni níbẹ̀, irun kò sí, Burleigh kò sí. Agbẹjọ́rò ìjọba kàn fi àjẹ̀ lu ọkọ̀ ní kóòtù títí àjẹ̀ fi ṣẹ́. Ibi tí ẹ̀dà kúkúrú yẹn gé gan-an ni fíìmù náà gé, ó sì ń dùn mí ju ti ìwé lọ, nítorí pé kò sẹ́ni tí yóò fi èyí tó pé rọ́pò rẹ̀. Tobias Picker náà sọ ọ́ di ọ́pẹ́rà ní Metropolitan, ilé ọ́pẹ́rà ní New York, ní 2005.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún.