Doodle ẹ̀bá títì àti doodle ẹni tó yẹ òbí wò: èwo ni kí ẹ rà ní Èkó?

Mo ti ra méjèèjì. Àkọ́kọ́, ní ọdún 2018, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó kó ọmọ ajá mẹ́rin sínú àgò adìẹ lẹ́bàá títì ní Ìkòyí. Ìkejì, ní ọdún 2023, lọ́wọ́ obìnrin kan ní Gbágádà tó ní kí n lọ jókòó fún oṣù méje kí ajá rẹ̀ tó bímọ. Ẹni tó bá ń wá doodle, ìyẹn ajá àdàlù tí wọ́n fi Poodle àti ajá ìran míì bíi Labrador tàbí Golden Retriever bí, ní Èkó, ọ̀kan nínú irú ibi méjì yìí ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa gbé e lọ.

Owó ni ẹ máa kọ́kọ́ bi mí. ₦250,000 ni ọkùnrin Ìkòyí pè é, a dúnàádúrà títí ó fi gba ₦170,000. Ìyá Gbágádà gba ₦600,000, kò sì dín kọ́bọ̀. Ẹ fi ìyẹn sápò ná.

Ní ti ẹwà, ọgbọọgba ni wọ́n. Ká sọ òtítọ́, ti Ìkòyí ló rẹwà jù. Ẹ ṣáà ṣọ́ra, torí Lhasa, ajá kékeré onírun gígùn, tí wọ́n wẹ̀ dáadáa, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ fẹ́ irun rẹ̀, ti jẹ́ doodle lójú títì láìmọye ìgbà.

Ní ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, àwọn méjèèjì ló ní káàdì. Nínú káàdì Ìkòyí, déètì mẹ́ta, bírò kan náà, ọwọ́ kan náà. Nígbà tí mo délé tí mo ṣírò ọjọ́ orí ọmọ ajá náà, abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ bọ́ sí ọjọ́ karùn-ún tí wọ́n bí i, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀.

Irun wọn kò yàtọ̀. Nínú ooru Èkó, bí ẹ ò bá yà á dé awọ, á ta kókó bí irun ẹni tó tú dídì sílẹ̀ lóṣù mẹ́ta. Ẹni tó bá sì sọ fún yín pé ara gbogbo èèyàn ló ń gba doodle, ẹ bi í nípa Wally Conron, ará Ọsirélíà tó mú Labrador àti Poodle pọ̀ ní 1989, nítorí obìnrin afọ́jú kan ní Hawaii tí ara ọkọ rẹ̀ kò gba ajá. Nínú ọmọ mẹ́ta tó kọ́kọ́ jáde, ọ̀kan péré ni ara ọkùnrin náà gbà. Conron fúnra rẹ̀ padà kábàámọ̀ ní gbangba, nítorí àwọn tó ń sin ín kiri fún owó láìyẹ òbí wò. Bí ẹnì kan bá ń sín nílé yín, ẹ lọ jókòó ti ìyá ajá náà fún wákàtí kan kí ẹ tó sanwó. Ní Gbágádà, mo jókòó tì í. Ní Ìkòyí, mo bèèrè ìyá, ọkùnrin náà ní ó wà ní Benin.

Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an nìyí: àyẹ̀wò òbí.

Tanímọ̀la ni mo sọ ajá Ìkòyí. Fún ọdún mẹ́rin, kò sí ohun tó ṣe é. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé bí iná bá ti lọ, á dúró lórí àtẹ̀gùn, á na ẹsẹ̀ iwájú kan síta, á máa fi tẹ afẹ́fẹ́ wò bí ẹni tó fẹ́ wọ odò tí kò mọ bó ṣe jìn tó. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ti dún, á sáré sọ̀ kalẹ̀. Ìyá mi ní ó ń bẹ̀rù òkùnkùn, èmi náà sì ń rẹ́rìn-ín. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó forí sọ sílíńdà gáàsì ní kíṣínnì. Kò ké. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Mo ra oògùn ojú lọ́wọ́ ẹni méjì, kò yí nǹkan kan padà. Dókítà ẹranko kan ní Yábàá ló tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ẹyinjú rẹ̀ ṣí gbayawu, ìmọ́lẹ̀ sì ń kọ padà láti inú rẹ̀ bíi ti màlúù tí iná mọ́tò bá mú lálẹ́. PRA ni dókítà pè é: ibi tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ojú ló ń kú díẹ̀díẹ̀, alẹ́ ló kọ́kọ́ ń lọ, ọ̀sán á tẹ̀ lé e. Kò ní oògùn, kò ní iṣẹ́ abẹ. Ó ní láti ara òbí ni. Mo pe ọkùnrin Ìkòyí, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Ajá tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí afọ́jú, òun ni ojú rẹ̀ wá fọ́ nílé tèmi.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣe genotype kí ẹ tó ṣègbéyàwó, ẹ ti mọ ẹ̀kọ́ yìí tẹ́lẹ̀. Oríṣi PRA tó wọ́pọ̀ jù láàrin àwọn ajá yìí, prcd ni wọ́n ń pè é, bí AS àti SS ló ṣe ń rìn. Ajá tó jẹ́ “AS” kò ní kó ó títí á fi kú. Bí “AS” bá gun “AS”, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti di “SS”. Bí ọ̀kan nínú òbí bá jẹ́ “AA”, kò sí ọmọ tí prcd máa fọ́ lójú. Wọ́n á ní ajá àdàlù le ju ti ìran kan lọ, pé ẹ̀jẹ̀ méjì ló pàdé. Ìjẹ̀bú tó fẹ́ Èkìtì ńkọ́? Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ AS, ṣé àrùn máa bi wọ́n léèrè ìlú? Poodle ní prcd, Labrador ní in, Golden náà ní in, Golden sì tún ní PRA méjì míì tó jẹ́ tirẹ̀.

Wọ́n ní ojú la fi ń mọ ajá tó máa pa ikún. Lọ́sẹ̀ mẹ́jọ, ojú kò ní fi èyí hàn yín, bẹ́ẹ̀ ni dókítà tó fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà rẹ̀ kò ní rí i. “Dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, Àǹtí mi” ni ọkùnrin Ìkòyí sọ fún mi, kò sì parọ́. Ọmọ ajá ni wọ́n yẹ̀ wò, wọn kò yẹ òbí wò.

Àyẹ̀wò òbí kò nira. Wọ́n á fi òwú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ajá, á lọ fún DNA. Ìyá Gbágádà fi líńkì èsì ránṣẹ́ sí mi, kì í ṣe fọ́tò, torí ọmọ ilé ìwé lè tún fọ́tò ṣe. Nígbà tí mo débẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ lé ọrùn ìyá ajá, nọ́ńbà microchip, ìdánimọ̀ tó wà lábẹ́ awọ rẹ̀, tó jáde bá ti inú èsì mu. Ohun tó mú ọkàn mi balẹ̀ jù ni pé èsì ìyá ajá náà kò mọ́ tán: Golden yẹn “AS” ni ní ti prcd. Ìyá Gbágádà fúnra rẹ̀ ló fi ìka tọ́ ọ hàn mí. Ó ní ìdí nìyẹn tí òun fi wá Poodle tó jẹ́ “AA”, tí òun sì dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́. Ó fi ẹ́síréè oríkèé ìbàdí àwọn méjèèjì hàn mí pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé OFA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń yẹ ìbàdí ajá wò, kì í fún ajá ní ìwé ìbàdí tó kẹ́yìn kó tó pé oṣù 24. Bí ẹnì kan bá ní ìyá tó jẹ́ ọdún kan ti gba ìwé yẹn, ẹ dìde níjòókòó. Ẹ bèèrè àyẹ̀wò vWD fún Poodle náà, àrùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá, kí ẹ má baà lọ mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń tẹ ajá yín lọ́dàá.

Kí n má ṣojúsàájú, ìyá Gbágádà ní wàhálà tirẹ̀. Oṣù méje kì í ṣe ọjọ́ méje. Ó bi mí léèrè ọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ obìnrin ni mo wá fẹ́: ta ló ń wà nílé lọ́sàn-án, ṣé mo ní fáànù tó ń lo bátìrì. Kò jẹ́ kí n mú ọmọ ajá fúnra mi, òun ló mú un fún mi. Ó tún ní kí n fọwọ́ sí ìwé pé bí mi ò bá lè tọ́jú rẹ̀ mọ́, òun ni kí n dá a padà fún.

Ní ti títì, owó yín á ṣẹ́ kù, ẹ sì máa gbé ajá délé lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó bá gbọ́dọ̀ ní ajá ní Sátidé yìí kò ní rí i rà ní Gbágádà. Kó lọ sí Ìkòyí, kó dúnàádúrà dáadáa. Àmọ́ kó ra iná bátìrì sórí àtẹ̀gùn kí ọdún kẹrin tó pé.