Ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra jákẹ́ẹ̀tì softshell ní Abẹ́òkúta: ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtilọ gun Kilimanjaro, ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò tó ń lọ kàwé ní Scotland tàbí Kánádà, tí òun náà yóò fẹ́ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gun òkè nígbà òtútù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan wà ní Abẹ́òkúta yìí tó ń ta jákẹ́ẹ̀tì lórí státọ́ọ̀sì WhatsApp, softshell fífúyẹ́ ló ń pè é, ìyẹn jákẹ́ẹ̀tì àwọn tó ń gun òkè, tó ń nà, tó ń dí atẹ́gùn níwọ̀nba, tó sì ń jẹ́ kí òógùn jáde. Kì í ṣe softshell. Kò sì fúyẹ́. ₦78,000 ni mo fi ra ẹyọ kan, owó ọ̀hún sì ti wọgbó.

Ohun tó kọ síbẹ̀ nìyí, n kò fi kún un, n kò sì yọ níbẹ̀: jákẹ́ẹ̀tì ọkùnrin, M, gíráàmù 380, aṣọ tó ń nà lóòró àti níbùú, afẹ́fẹ́ kò ní wọlé, òógùn yóò máa gbà á jáde, húùdù rẹ̀ gba akoto. Àmì ilé iṣẹ́ ńlá kan lókè òkun wà ní àyà òsì. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà torí wọn kò mọ̀ sí i, àmì wọn ni wọ́n jí lò. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ojúlówó ni o. Inú béèlì UK ni mo ti ṣà á, ẹ ò lè rí irú ẹ̀ ní Kútọ̀.” Ahọ́n dídùn bí èyí, ó yẹ kí wọ́n máa gba owó orí lórí ẹ̀.

Mo gbé e lé òṣùwọ̀n tí àwọn tó ń ṣe kéèkì fi ń wọn fúláwà. Gíráàmù 710. Ẹ wò ó, 710! Ó kù díẹ̀ kó jẹ́ ìlọ́po méjì iye tó pè. Mo fi páálí ṣúgà oníhóró tó jẹ́ gíráàmù 500 dán òṣùwọ̀n náà wò bóyá òun ló ń parọ́. Kò parọ́.

Ìwọ̀n yìí ló tú gbogbo àṣírí. Softshell fífúyẹ́ tí kò ní fleece (aṣọ onírun múlọ́múlọ́ tó ń mú ara móoru) nínú, M ti ọkùnrin, sábà máa ń wà láàárín gíráàmù 300 sí 450. Èyí tó ní awọ adínà-afẹ́fẹ́ tín-ín-rín láàárín aṣọ àti fleece nínú lè wọ 500 sí 650. Tó bá ti lé ní 700, ẹ fura. Lọ́pọ̀ ìgbà, aṣọ tí àwọn ilé iṣẹ́ ń há fún òṣìṣẹ́ wọn nìyẹn: polyester lójú, fleece nínú, rọ́bà tín-ín-rín láàárín, gáàmù ló so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Aṣọ tó dáa ni fún ẹni tó dúró sí gééètì nínú òjò wínníwínní. Fún ẹni tó gbé ẹrù kọ́ ẹ̀yìn, tó ń gun òkè, tó ń mí gúlegúle, ìyà ni.

Àmì àyà yẹn ló bí mi nínú jù. Mo yí aṣọ náà sódì, mo tan iná fóònù sí i. Àwọn ihò abẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tí kò bá àmì tó wà lójú aṣọ mu rárá. Orúkọ ibòmíràn ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ rán síbẹ̀, wọ́n tú u, wọ́n wá rán àmì tuntun bò ó. Bébà funfun tí àwọn aránṣọ máa ń tẹ́ sábẹ́ iṣẹ́ ọnà kó má bàa hunjọ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó le, ó mọ́, kò tíì rí omi rí. Òkìríkà wo ni ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti wọ̀, tó ti fọ̀, tí bébà ẹ̀yìn àmì rẹ̀ ṣì rí bẹ́ẹ̀? Iṣẹ́ Abẹ́òkúta níbí ni! Ẹ sì jẹ́ kí n sọ ìpalára rẹ̀: gbogbo ihò abẹ́rẹ́ yẹn ti lu rọ́bà inú rẹ̀ jálẹ̀. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ tí aṣọ yẹn ìbá tiẹ̀ dí, ó ti lu ú já ní ọ̀gangan àyà.

Lébẹ́ẹ̀lì inú ńkọ́? Wọ́n ti gé e. Gbòǹgbò rẹ̀ nìkan ló kù nínú ojú rírán. Ẹni tó tà á fún mi ní ó ń yún ẹni tó kọ́kọ́ ni ín lára. Irọ́ ni. Lébẹ́ẹ̀lì yẹn ni ìbá sọ pé polyester 100% ni. Softshell tó ń nà dáadáa máa ń ní elastane, òwú tó ń nà bí rọ́bà, nínú, bí 5% sí 15%, tó kù á jẹ́ polyamide (náílọ́ọ̀nù) tàbí polyester. Àwọn kan wà tó ń nà láìní elastane, nípa bí wọ́n ṣe lọ́ òwú wọn, ṣùgbọ́n èyí kò nà rárá. Mo na apá méjèèjì sókè bí ẹni tó fẹ́ gún ọ̀pá mọ́ yìnyín lókè orí, etí ìsàlẹ̀ aṣọ fò kọjá ìdodo. Lórí òkè, ibẹ̀ ni atẹ́gùn máa gbà wọlé, tí bẹ́líìtì àpò ẹ̀yìn á sì máa fi irin rẹ̀ ha ẹran ara.

Ní ìgbọ̀nwọ́, tí mo fi àtàńpàkò rìn ín, rọ́bà inú ti wú, ó ti ya kúrò lára aṣọ, ó ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Ìpẹ́ funfun ń bọ́ nínú rẹ̀. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń ṣe polyurethane, ìyẹn irú rọ́bà inú yẹn, báyìí: kọ̀ǹténà lórí òkun, béèlì tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ pọ̀ gbagba, ilé ìkẹ́rùsí onípáànù ní oṣù kẹta. Kò sí télọ̀ tó lè tún un ṣe, kò sí gáàmù tó lè mú un padà. Ẹ fọ̀ ọ́ tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sí i.

Ẹ má wá bi mí pé kí ló dé tí n kò béèrè ìwọ̀n rẹ̀. Mo béèrè! Ó fi fọ́tò ránṣẹ́: jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù lórí òṣùwọ̀n, 382 ló hàn. Jákẹ́ẹ̀tì mìíràn ni. Nínú fọ́tò yẹn, síìpù àpò wà lókè, lẹ́bàá ìhà. Nínú èyí tó dé, ó wà nísàlẹ̀ níbi ìbàdí. Ojú mi rí i, n kò kà á sí. Ó dáa, ẹ bú mi. Ṣùgbọ́n ṣé èmi ló yẹ kí n máa fi awò wá irọ́ nínú fọ́tò ọjà tí mo fẹ́ fi owó ara mi rà ni? Ẹni tó ya fọ́tò aṣọ kan, tó wá di òmíràn sínú ọ̀rá, kì í ṣe àṣìṣe ló ṣe. Nígbà tí mo pè é, ó ní ọjà àwọn kì í padà. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ lébẹ́ẹ̀lì, ó bílọ́ọ̀kù mi.

Àwọn kan á ní aṣọ lásán ni, ẹ wọ̀ ọ́ nígbà ọyẹ́. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ òkè. Orí Olúmọ, mítà 137, kò sí ohun tí jákẹ́ẹ̀tì burúkú lè fi ẹni ṣe ju kó mú un làágùn. Ben Nevis ní Scotland ga tó mítà 1,345, Kilimanjaro tó 5,895, bẹ́ẹ̀ bí a bá ṣe ń gun mítà 1,000 kọ̀ọ̀kan, òtútù máa ń fi bíi ìwọ̀n 6.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius le sí i. Iṣẹ́ softshell gan-an nìyí: ẹni tó ń gòkè ń làágùn, aṣọ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ooru òógùn yẹn gbà á jáde, kó sì dá atẹ́gùn dúró níwọ̀nba. Tí rọ́bà olówó pọ́ọ́kú bá wà láàárín, òógùn kò rí ọ̀nà. Á padà sínú fleece, á rẹ aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀. Ara kò mọ̀ ọ́n níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ń rìn. Ìgbà tí wọ́n bá dúró lórí góńgó láti jẹun, tí atẹ́gùn dé, ni omi yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ooru jáde lára. Bí òtútù ṣe ń pa èèyàn nìyẹn, láìsí pé òjò kankan rọ̀. Ẹni tó ta irú aṣọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ tó sọ fún un pé òkè yìnyín lòun ń lọ, kí la fẹ́ pe tọ̀hún?

Ó tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé omi kò lè wọ̀ ọ́ láéláé, ó fi 10,000 mm tì í, ìyẹn gíga omi tí aṣọ lè gbé kó tó jò. Ẹ gbọ́ mi o: bí awọ inú aṣọ bá tiẹ̀ lè gba 10,000 mm, ojú rírán softshell kì í sábà ní téèpù tó bò ó nínú. Ihò abẹ́rẹ́ ni omi ń gbà. Softshell ń lé yìnyín gbígbẹ àti òjò fẹ́ẹ́rẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń gòkè ṣì gbọ́dọ̀ ní jákẹ́ẹ̀tì òjò gidi nínú àpò. Oníṣòwò tó bá ti búra pé omi kò lè wọ softshell, yálà kò mọ ohun tó ń tà tàbí ó mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ohun tí ẹ lè yẹ̀ wò lójú ẹsẹ̀, kíá ni n óò sọ ọ́. Ẹ fi ẹnu mọ́ aṣọ, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i láti inú: tó bá kọjá díẹ̀ pẹ̀lú agbára, softshell tí kò ní awọ ni, òun ló dáa jù fún ẹni tó ń làágùn púpọ̀. Tó bá kọjá wọ̀ọ̀, kò lè dá atẹ́gùn dúró. Tí kò bá kọjá rárá, awọ tàbí rọ́bà wà nínú rẹ̀. Ẹ wá wo lébẹ́ẹ̀lì, tí kò bá sí lébẹ́ẹ̀lì, ẹ máa lọ. Ẹ kán omi sí èjìká rẹ̀, kó yí dànù bí ìgbà tó wà lórí ewé kókò. Tó bá mu ún, ó lè jẹ́ pé èròjà tí ń lé omi ti tán lójú aṣọ ni. Ìyẹn ní àtúnṣe, ilé iṣẹ́ Nikwax tàbí Grangers ní èròjà tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ kó lè máa lé omi padà, ẹ sì lè fi ìyẹn dín owó rẹ̀ kù. Ẹ má fi oje amáṣọrọ̀ fọ̀ ọ́ láé, ńṣe ló ń ba agbára tó fi ń lé omi jẹ́.

Ẹ rìn ín ní ìgbọ̀nwọ́ àti abẹ́ ọrùn, kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá ó ń ró. Ẹ gbóòórùn inú rẹ̀, òórùn gáàmù kì í bo. Àpò rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga kọjá ibi tí bẹ́líìtì ẹrù máa dè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ò ní lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Akoto ọ̀kadà tóbi jù fún ìdánwò húùdù, ti àwọn kọ́lékọ́lé ni kẹ́ ẹ yá. Síìpù: ẹ fà á pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. M ti àwọn ará Éṣíà sábà máa ń kéré sí M ti Yúróòpù, nítorí náà ẹ fi téèpù wọn àyà.

Ṣé gbogbo wọn ló ń purọ́? Ní báyìí, n kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́, láti Pànṣẹ́kẹ́ dé Làfẹ́nwá. Àwọn ìyá tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú máa ń jẹ́ kéèyàn fọwọ́ pa aṣọ, kó tẹ́ ẹ sí oòrùn, kó tó yọ owó. Àwọn orí fóònù yìí, “ẹ sanwó ká gbé e fún ọlọ́kadà” ni wọ́n mọ̀. Tuntun rẹ̀ lókè òkun sábà máa ń wà láàárín pọ́n-ùn 100 sí 200, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń sáré sídìí òkìríkà, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ “ọjà wa kì í padà” yẹn náà, ẹ má jẹ́ kó pa yín lẹ́nu mọ́. Òfin 2018 tó dá FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, sílẹ̀ fún oníbàárà láyè láti dá ọjà padà, bí kò bá rí i yẹ̀ wò kó tó gbà á, tí ọjà náà kò sì bá ohun tí wọ́n pè é mu. Ẹ tọ́jú gbogbo ohun tí ẹ jọ kọ síra yín àti rìsíìtì tránsífà, kẹ́ ẹ tó bínú pa wọ́n rẹ́.

Ẹnì kan tó ṣì ní nọ́ńbà rẹ̀ fi státọ́ọ̀sì rẹ̀ hàn mí. Ó ṣì ní dúdú méjì àti aláwọ̀ ewé kan, ó ti sọ ọ́ di ₦85,000, fọ́tò 382 kan náà ló fi síwájú wọn. Tó bá kàn yín, ẹ ní kó kọ déètì ọjọ́ náà sórí bébà, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ lórí òṣùwọ̀n, kó ya fọ́tò lébẹ́ẹ̀lì inú, kó sì ya ẹ̀yìn àmì àyà láti inú aṣọ.