Olórin Oníkíbọ́ọ̀dù àti Ẹgbẹ́ Jùjú ní Ilé Ọtí Kékeré

Ẹni tó bá ní ilé ọtí kékeré ní agbègbè Ẹ̀rẹ́jà ní Iléṣà, tó sì fẹ́ kí eléré máa ṣeré níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Jímọ́ọ̀, lè pe olórin kan ṣoṣo tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù tàbí ẹgbẹ́ jùjú ẹlẹ́ni márùn-ún. Oníkíbọ́ọ̀dù kò gba àyè, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ìlù inú ẹ̀rọ kò lè wo ojú ẹni tó ń jó. Onígángan ni yóò rí i pé bàbá kan ti dìde lórí àga, tí yóò fún ìlù mọ́ abíyá, tí yóò sì fi í ki bàbá náà ní oríkì ilé rẹ̀, títí ọwọ́ onítọ̀hún yóò fi wọ àpò. Àwa Ìjẹ̀ṣà kò gbọdọ̀ fojú kéré èyí, nítorí ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni I.K. Dairo, ẹni tó fi àkọ́díọ̀nù kún jùjú, tó sì gba MBE, oyè ẹ̀yẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní 1963. Ẹgbẹ́ ni èmi fara mọ́, ìbáà ṣe ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Kí wọ́n má ṣáà gbé gbohùngbohùn sẹ́nu ìlù, nítorí yàrá kékeré kò gba ariwo.