Ẹ ṣọ́ra fún rọ́bà ọ́ìlì onírin tí wọ́n ń tà nígboro Ìlọrin

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ra pátì ẹ́ńjìnnì ní Ìlọrin, ẹ dákun, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó náwó.

Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi méjì là ń kan ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan lẹ́yìnkùlé wa ní Gánmọ̀. (Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kò tíì fò, a ò sì ní gbé e kúrò nílẹ̀ láìgba àṣẹ NCAA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà.) Ẹ́ńjìnnì Volkswagen ìjàpá la fi sí i. Ìjàpá kì í lo omi. Atẹ́gùn àti ọ́ìlì ló ń tù ú, ọ́ìlì ọ̀hún ò sì ju nǹkan bíi lítà 2.5 lọ. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jò, kíá ló máa gbẹ.

Mo ra rọ́bà tó máa gbé ọ́ìlì lọ sí kúlà, ìyẹn ohun tó ń mú kí ọ́ìlì tutù, lọ́wọ́ ọ̀gá kan: mítà 2, ₦22,000, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì mẹ́rin, pupa àti búlúù. Irin híhun ló bò ó, ó ń dán gbinrin. Ọ̀gá ní, "Ti pléènì gan-an nìyí, tòkunbọ̀ Jámánì." Dídán yẹn ló gbà mí lójú.

A de ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀, a ṣáná sí i. Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí òórùn ọ́ìlì jíjó fi gba àyíká. Rọ́bà ti yọ lẹ́nu nọ́ọ̀tì, ọ́ìlì ń tú sórí sàléńsà, èéfín sọ. Ọpẹ́lọpẹ́ garawa yanrìn tá a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nígbà tó tutù, mo fi ayùn gé e. Abẹ́ irin híhun yẹn, rọ́bà omi ni, irú èyí tí púlọ́ńbà ń fi sábẹ́ síǹkì! Ọ́ìlì gbígbóná ti jẹ ẹ́, ó wú bíi pọ̀nmọ́ tó mumi. Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ojú èékánná ò kúrò níbẹ̀.

Nọ́ọ̀tì náà ò pé. Ẹnu ti pléènì máa ń dà sí dígírì 37. Èyí tó tà fún mi, 45 ni, irú ti mọ́tò. Mo fi máákà kun ẹnu ọ̀kan, mo dè é, mo tú u: ibi tí wọ́n ti kanra ò ju fọ́nrán òwú kan lọ. Abájọ tó fi ń kán tó-tó látàárọ̀, táwa ń fi sípánà fún un sí i. Díẹ̀ ló kù kí nọ́ọ̀tì là.

Mo padà lọ bá a. Ó ní ọjà tóun bá ti tà kì í padà, ó tún bi mí bóyá ọ̀run ni mo fẹ́ fi í lọ. Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ ní kí wọ́n gé ìwọ̀n ìka kan fún yín kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ rẹ ẹ́ sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì mọ́jú. Tó bá wú tàbí tó rọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ẹ mú nọ́ọ̀tì ara ẹ́ńjìnnì yín dání, kẹ́ ẹ fi máákà dán an wò lójú ẹ̀. Ọlọ́jà tó bá ní òun ò ní gé e, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ.

Èyí tó ṣẹ́ kù lára tèmi ti wà lábẹ́ síǹkì ìyá mi báyìí. Kò jo omi rárá.