Ṣaworoidẹ: fíìmù tí mò ń fi etí wò

Aṣọ ni mò ń rán ní Kubwa níbí, ojú mi kì í sì í kúrò lára abẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ fíìmù ni kì í yé mi ní ṣọ́ọ̀bù nítorí ìyẹn: tí èèyàn ò bá tẹjú mọ́ tẹlifíṣàn, ariwo nìkan ló kù. Ṣaworoidẹ yàtọ̀ pátápátá. Mo lè má gbójú sókè rárá, kí n sì gbádùn ẹ̀ dópin.

Túndé Kèlání ló darí ẹ̀ ní 1999, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ìtàn ẹ̀. Ìlú Jogbo ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jọba níbẹ̀ gbọ́dọ̀ sín gbẹ́rẹ́, kó bá ìlú mulẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀, tó sì dé adé, ọjọ́ tí wọ́n bá lu ìlù ṣaworoidẹ sí i létí, orí fífọ́ ni yóò pa á. Lápité kọ̀ ọ́, torí owó ló bá dé orí ìtẹ́. Àwọn agégẹdú ń kó igbó ìlú lọ, ìjòyè ń gba rìbá, ọ̀dọ́ ń bínú. Lágáta, ọmọ ológun, wá dá sí i. Ẹ rántí pé ọdún 1999 yẹn náà ni àwọn ológun gbéjọba fún alágbádá ní Eagle Square, ní Abuja wa níbí.

Ṣùgbọ́n Òpálábá ni tèmi! Adébáyọ̀ Fálétí ló ṣe é. Ẹni tí wọ́n ń fojú ọ̀mùtí wò ni, kò sì sí òótọ́ tí kì í fi òwe sọ. Oníbàárà mi kan, ọmọ Kabba, tó bá ti bá a lórí tẹlifíṣàn, kò ní lọ mọ́. Òun ló máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Òpálábá, yóò parí ẹ̀ kí Òpálábá tó parí ẹ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á sì dáhùn. Ibi tí adùn fíìmù yìí wà nìyẹn: a ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, a sì tún fẹ́ gbọ́ ọ. Tí ìlù bá wá wọlé, mo máa ń gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣìnnì, torí ohun tí ẹnu ò gbọdọ̀ sọ láàfin, ìlù á sọ ọ́ fàlàlà.

Ibi ìbọn àwọn ọ̀dọ́ inú igbó gùn jù létí mi. Ìlù ò sí níbẹ̀, òwe ò pọ̀.

Ẹ má ra èyí tí wọ́n kó fíìmù ogún pọ̀ sínú dísìkì kan o. Tèmi àkọ́kọ́, ohùn ti ṣáájú ẹnu, ìlù sì ń dún kẹrẹkẹrẹ. Ojúlówó ni kẹ́ ẹ wá, kẹ́ ẹ sì ra Agogo Èèwọ̀ mọ́ ọn, òun ló tẹ̀ lé e ní 2002.